Ta Ni Yóò Bi Ọmọ Inú Bọ́ọ̀sì Àbíjàn Léèrè?

Ní Èjìgbò, èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì láàárín ìlú kí ọkọ̀ náà gan-an sì gbé e dé Àbíjàn ní Côte d'Ivoire, láìṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ọkọ̀ mìíràn ní Èkó. Èjìgbò tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ń wí, kì í ṣe adúgbò tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Èkó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará ìlú yìí àti àwọn ìletò tó yí i ká ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire. Ọ̀pọ̀ agboolé ló ní ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville tàbí Adjamé ní Àbíjàn, tó gbọ́ Faransé àti Júlà bó ṣe gbọ́ Yorùbá. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì lọ́jà wọn. Owó Àbíjàn ló kọ́ púpọ̀ nínú ilé tí à ń rí nílùú náà, òun náà ló sì rán ọ̀pọ̀ ọmọ níléèwé.

Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í fura bí obìnrin kan bá fa ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá lọ́wọ́ dé gáréèjì, tó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni, òun ń mú un lọ bá àwọn ẹbí ní Àbíjàn. Nígbà púpọ̀, òótọ́ ló ń sọ. Nígbà mìíràn, irọ́ ni. Ọmọ náà ń lọ kiri ọjà láti àárọ̀ dalẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, tàbí kí wọ́n fi í sílé ọtí, kí wọ́n ní ó jẹ gbèsè owó ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ iye rẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni méjèèjì ń wọ̀, orí àga kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Báwo wá ni ìjọba ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ àjò yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ òwò ẹrú? Èrò tèmi ni pé òfin wa kò burú. Àwọn tí ojú wọn kọ́kọ́ ń tó ọmọ náà ní Èjìgbò ni a kò tíì fún níṣẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin wọ ọ̀rọ̀ náà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tètè fọwọ́ sí àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2000 láti dẹ́kun fífi ọmọnìyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Palermo. Lọ́dún 2003, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tirẹ̀, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2005, wọ́n sì gbé tuntun jáde ní 2015. Ohun tí òfin ń wò ni pé kí ni wọ́n ṣe fún ẹni náà, yálà wọ́n gbé e ni, wọ́n gbà á sílé ni, tàbí wọ́n fi í ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà mú un: ṣé ipá ni, ṣé ẹ̀tàn ni, àbí wọ́n rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́ ni wọ́n fi rí i mú? Lákòótán, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ rèé. Bí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 18, òfin kì í wulẹ̀ béèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà mú un mọ́. Bí ọmọ bá ní òun gbà láti lọ, ìyẹn kò dí ẹjọ́ lọ́wọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, kò dí i lọ́wọ́ náà. Ẹni tó bá kó ènìyàn jáde kúrò ní Nàìjíríà fún iṣẹ́ aṣẹ́wó tàbí irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún 5, yóò sì san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Kódà nínú ilé níbí, ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ti rú òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ilé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ ka iye ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì tó ọdún 12. Òfin wà lóòótọ́. Ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ni kò sí.

Kò yẹ kí ọmọ Èjìgbò rò pé tiwọn nìkan ni wọ́n ń kó lọ. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi ń kó ọmọ ẹlòmíràn wá bá wa. Lọ́dún 2003, àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà gba àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin sílẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta. Ó ju 200 ọmọ lọ tí wọ́n dá padà sílé lọ́dún yẹn. Lọ́dún kan náà ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ọmọ Tógò. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọkùnrin wá ṣiṣẹ́ oko ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tí àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ títí, tí wọ́n á wá fún wọn ní kẹ̀kẹ́ ológeere, wọ́n á ní kí wọ́n gùn ún padà sí Tógò. Kẹ̀kẹ́ ni owó oṣù. Ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ń dá gùn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á sì ti rí i lójú ọ̀nà láìbi í pé níbo lo ti ń bọ̀.

Ìyẹn ló mú mi ronú sí àwọn ojú tó ń rí ọmọ lójú ọ̀nà. Láti Èjìgbò dé Àbíjàn, ẹnubodè mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì ń là kọjá: Sẹ̀mẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Benin, Hillacondji láàárín Benin àti Tógò, Aflao láàárín Tógò àti Gánà, àti Elubo tí wọ́n ń gbà bọ́ sí Noé ní Côte d'Ivoire. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti wọ ìlú ara wọn, kí ó sì gbé níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ohun rere ni, ẹni tó bá sì mọ bí àwọn bàbá wa ṣe rìn ṣáájú ẹnubodè kò ní í bú u. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹni tí kò bá ní ìwé á san owó, ọkọ̀ á sì kọjá. Owó yẹn ti gba ipò ìbéèrè. Ọmọ tí kò ní ìwé ìrìnnà, tí kò bá ìyá tàbí bàbá rẹ̀ rìn, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Òun náà ló sì rọrùn jù láti sanwó lé lórí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ìjọba ti ṣe é rí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ẹnubodè orí ilẹ̀ wà ní títì, nítorí ìrẹsì àti fàyàwọ́. Ẹni tó fẹ́ kọjá gba inú igbó. Ọmọ tí wọ́n bá gba inú igbó kọjá kò ní rí ojú òṣìṣẹ́ kankan rárá.

Nítorí náà, bí a bá dúró de Sẹ̀mẹ̀, a ti pẹ́. Ìbéèrè yẹn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé, ní gáréèjì tí ọkọ̀ ti ń gbéra, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ agboolé tí ọmọ ti jáde. Òṣìṣẹ́ Aflao kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni obìnrin yìí jẹ́ àbúrò bàbá ọmọ náà. Akọ̀wé gáréèjì ní Èjìgbò lè mọ̀, tàbí kó mọ ẹni tó mọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń sọ kò le. Ọkọ̀ tó ń lọ ọ̀nà jíjìn máa ń ní ìwé orúkọ èrò. Kí wọ́n ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ nínú ìwé yẹn fún gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18: orúkọ ọmọ, agboolé rẹ̀, ẹni tó mú un wá, ẹni tí yóò gbà á ní Àbíjàn àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdúgbò tí onítọ̀hún ń gbé. Kí wọ́n kọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú ìrìnàjò, kì í ṣe nígbà tí awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Kí ẹ̀dà kan lọ sí ẹ̀ka ìgbáyé-gbádùn ní káńsù Èjìgbò, kí òmíràn lọ sí ọ́fíìsì NAPTIP ní Òṣogbo. Ọ́fíìsì yẹn kò jìnnà sí Èjìgbò, ó sún mọ́ ọn ju Sẹ̀mẹ̀ lọ fíìfíì. Kí wọ́n pe nọ́ńbà Àbíjàn náà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹbí gidi á gbé e, á sì sọ orúkọ ìyá ọmọ náà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń fi ọmọ ṣòwò kì í fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé kankan, ìdí sì nìyẹn tí ìwé lásán fi lè lé púpọ̀ nínú wọn sá.

Bí ohun kan bá rújú, ìgbà yẹn ni a nílò ẹni tó mọ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti nípọn jù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ ni pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ lọ tà ọ́ ni?" Ojú ẹni tó mú un wá ni wọ́n sì ń bi í. Kí ni ọmọ á sọ? Á ní rárá. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí, wọ́n ti ní kó máa pe ìyá yẹn ní àǹtí. Nígbà mìíràn pàápàá, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣòwò. Ó rò pé òun ń lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ni.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ á yà wọ́n sọ́tọ̀. Á fi obìnrin ti ọmọbìnrin, á bá a sọ èdè tó yé e, á fún un lómi mu. Á wá béèrè ohun kéékèèké tí kò jọ ẹjọ́. Ta ló san owó ọkọ̀? Ìgbà wo lo kọ́kọ́ mọ àǹtí yìí? Kí ni orúkọ olùkọ́ rẹ? Ta ni fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìwé ìrìnnà rẹ dà? Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe, èló ni wọ́n ní àwọn á máa san fún ọ, ta ló sì máa gba owó náà? Ṣé o lè padà wálé bí ó bá wù ọ́? Lẹ́yìn náà ni yóò lọ bi àgbàlagbà ní àwọn ìbéèrè kan náà, yóò sì fi ìdáhùn méjèèjì wéra. Ọmọ tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ mọ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà. Ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sábà máa ń mọ orúkọ ìlú nìkan. Bí ẹni tí wọ́n ń kó lọ bá jẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n ti mú búra, tàbí tó ti gbà pé òun jẹ gbèsè, ìbẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ fara hàn, ọ̀rọ̀ kò ní í tètè jáde. Ẹ má kánjú sí i. Ẹni tí wọ́n ti tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbà yín gbọ́ lójú ẹsẹ̀, pàápàá bí ẹ bá wọ aṣọ ọlọ́pàá.

Nǹkan kan wà tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú Ọba. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ní ètò kan tó pín ìdájọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí méjì. Ní àkọ́kọ́, wọ́n á wò ó bóyá ìfura tó nídìí wà pé wọ́n fi ẹni yìí ṣòwò. Bí ó bá wà, ààbò àti ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kíá, ṣáájú kí wọ́n tó mọ gbogbo òótọ́. Ìwádìí tó jinlẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Àwọn náà ní àléébù tiwọn, nítorí ọ̀pọ̀ ń dúró fún ìdájọ́ kejì fún ìgbà pípẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n èrò ìpìlẹ̀ náà dára: ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ fẹ́ kọ́ ni ẹ ń wá ní gáréèjì. Ìfura tó tó láti sọ pé kí ọmọ yìí má bá ọkọ̀ òwúrọ̀ yìí lọ ti tó.

Ohun tó ń tẹ̀ lé ìgbàsílẹ̀ ni mo rí i pé a kò ṣe dáadáa tó. Òfin ọdún 2015 sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí wọ́n ti ẹni tí wọ́n fi ṣòwò mọ́lé tàbí kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà. Síbẹ̀ ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n: wọ́n á tò wọ́n sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà, orí wọn á wà nílẹ̀, àwọn oníròyìn á máa ya fọ́tò. Èmi kò mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ọmọ ẹni ju ìtìjú lọ. Nílùú bí Èjìgbò tí gbogbo agboolé ti mọra wọn, fọ́tò kan ti tó láti ba ìgbéyàwó ọmọbìnrin jẹ́. Obìnrin mìíràn tó rí i, tó wà nínú irú ìyọnu bẹ́ẹ̀, á pinnu pé òun kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni.

NAPTIP ní ilé ààbò níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì ni ìwọ̀n tí ìlànà wọn sábà ń fúnni kó tó di pé wọ́n dá èèyàn padà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè fi kún un. Padà sílé sọ́dọ̀ ta ni? Gbọ́mọgbọ́mọ ni ọ̀pọ̀ ń retí nínú irú ìtàn yìí, àjèjì tó fi àpò bo ọmọ lójú. Ẹbí ló sábà máa ń jẹ́. Bí àbúrò bàbá ló fi ọmọ ránṣẹ́, tí ìjọba sì mú ọmọ náà wá fún bàbá rẹ̀ nínú agboolé kan náà, wọ́n kàn dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ni. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ti lọ sí agboolé náà kí ọmọ tó dé, kó bá olórí ẹbí sọ̀rọ̀, kó mọ ìdí tí wọ́n fi fi í ránṣẹ́, bóyá gbèsè ni, bóyá ìyá rẹ̀ ti kú. Kó tún padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Òfin dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò, tí ohun ìní àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ń wọ inú rẹ̀. Kí owó yẹn dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ padà síléèwé tàbí tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rin Abuja.

Ìwé ìbí tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, ẹni tó mú un lè pè é ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ta ni yóò jiyàn? Àjọ tó ń ka iye ènìyàn, NPC, ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, a kì í sì í sanwó fún ti ọmọdé. Àwọn tí wọ́n bí sí Àbíjàn ni ìṣòro wọn ṣòro jù, nítorí ìwé Faransé ni wọ́n ní, tàbí kí wọ́n má ní ìkankan rárá.

Ní ti Côte d'Ivoire, àwọn náà ní òfin. Wọ́n ṣe ti ọmọdé lọ́dún 2010, wọ́n sì ṣe ti tọmọdé tàgbà lọ́dún 2016. Àbíjàn gan-an ni orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, pẹ̀lú Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí àdéhùn lóṣù Keje ọdún 2005 pé àwọn yóò jọ gbógun ti kíkó ọmọdé ṣòwò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìwé àdéhùn kì í sọ Yorùbá ṣá. Nígbà tí ọmọ kan bá sá kúrò nílé ọ̀gá rẹ̀ ní Yopougon ní Àbíjàn, ọlọ́pàá tó rí i á bi í ní Faransé, ọmọ á sì dákẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn olórí Yorùbá níbẹ̀ ló lè gbọ́ ohun tó ń sọ, kí wọ́n sì mọ agboolé rẹ̀ láti inú orúkọ lásán. Ó yẹ kí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Àbíjàn ní orúkọ wọn lọ́wọ́, kó sì dá díẹ̀ nínú wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Lónìí, kì í ṣe bọ́ọ̀sì nìkan. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin ará Lẹ́bánónì kan gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà sórí Facebook, ó ní ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni òun fẹ́ tà á. Àwọn tó rí i ló pariwo kí ìjọba méjèèjì tó gbọ́, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Òṣìṣẹ́ ẹnubodè kankan kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Aráàlú ni.

Àwọn ọba náà lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí ìjọba ṣe ń lò wọ́n lọ. Lóṣù Kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin pe àwọn olójúbọ jọ, ó fi àwọn tó ń mú ọmọbìnrin búra fún oníṣòwò ènìyàn gégùn-ún, ó sì tú gbogbo ẹni tó ti búra sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ìbẹ̀rù ìbúra ti dí lẹ́nu wá rí ohùn láti jẹ́rìí. Ọ̀ràn Èjìgbò kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìbúra. Ti ẹbí àti àpọ́nlé ìrìnàjò ni. Ṣùgbọ́n bí Ògìyán, ọba Èjìgbò, bá pe àwọn mọ́gàjí jọ láàfin, tó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ bọ́ọ̀sì Àbíjàn láìsí ìwé látọ̀dọ̀ olórí agboolé rẹ̀, èmi kò rí awakọ̀ tí yóò kọ ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ alága káńsù Èjìgbò àti àwọn olórí ẹgbẹ́ awakọ̀: kí ẹ pe NAPTIP ní Òṣogbo wá sí gáréèjì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìwé yẹn lọ́dún yìí. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ gba àdírẹ́sì, kí ẹ sì fi fóònù bá ẹni tí yóò gbà á sọ̀rọ̀ fúnra yín. Bí ohun kan bá sì rú yín lójú, yálà ọmọ yín ni tàbí ọmọ ẹlòmíràn, 627 ni nọ́ńbà NAPTIP, ọ̀fẹ́ ni pípè é.